Lẹ́tà Tó Ti Ojú Ogun Wá

 Ẹ̀yin ọmọ Ọlálọmí tí ẹ wà nílé ní Ọ̀fà, ẹ̀yin tí iṣẹ́ gbé lọ sí Èkó, Kàdúná tàbí òkè òkun, àti gbogbo ará Ìbọ̀lọ́ lápapọ̀, ọ̀rọ̀ ìwé ni mo bá wá lónìí. Kì í ṣe ìwé ilé ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwé ilẹ̀ tí ẹbí ń torí rẹ̀ pe ara wọn lẹ́jọ́. Lẹ́tà ni, èyí tí bàbá tàbí bàbá àgbà yín kọ ránṣẹ́ sílé nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Ó lè wà nínú àpótí onírin lábẹ́ ibùsùn títí di báyìí. Ó lè wà lórí àjà, nínú àpò kan náà pẹ̀lú rìsíìtì owó orí àtijọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹnìkan máa gbá yàrá náà, tí yóò kó o dà sínú iná.

Orí rédíò ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí rédíò ṣe nǹkan kan ní 1989 tí kò yẹ ká gbàgbé. Ọdún náà ló pé àádọ́ta ọdún tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀, ogun tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hítílà. Ẹ̀ka BBC tí ń bá Áfíríkà sọ̀rọ̀ kéde pé kí àwọn ọmọ Áfíríkà tó jà nínú ogun náà kọ ohun tí ojú wọn rí ránṣẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n béèrè ni. Lẹ́tà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì, láti ọ̀dọ̀ àwọn bàbá tí irun orí wọn ti funfun.

Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́ ṣọ́jà ní Abẹ́òkúta ní 1942. Ẹ̀ka tí ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Wọ́n kó wọn wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ wọ́n kọjá sí Bọ́mà, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 1944, wọ́n wà létí odò Kaladan, níbì kan tó ń jẹ́ Nyron, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Japan ká wọn mọ́. Ìbọn fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó tún bà á níkùn. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú níbẹ̀. Òun àti David Kargbo, sájẹ́ǹtì ọmọ Sierra Leone tí òun náà fara gbọgbẹ́, wá di ẹni tí ń sùn nínú igbó láàárín ọ̀tá.

Àwọn ará abúlé ló dá ẹ̀mí wọn sí. Wọ́n ń yọ́ gbé oúnjẹ wá fún wọn. Nígbà tó yá, ọkùnrin Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman gbà wọ́n sínú ilé rẹ̀, láàárín ìyàwó àti ọmọ, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé bí àwọn ará Japan bá fi lè gbọ́, ó di pé kí wọ́n pa gbogbo ará ilé náà. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, títí àwọn ọmọ ogun Gurkha, tí wọ́n ń jà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi dé ní ìparí ọdún 1944.

Fadoyebo padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò gún mọ́. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó tọ́mọ, ó sì jókòó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí rédíò béèrè, ó fi í ránṣẹ́. Láti BBC ni ìwé náà ti dé Imperial War Museum ní Lọ́ńdọ̀n. Ọ̀jọ̀gbọ́n David Killingray tún un tò, Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Oníròyìn kan, Barnaby Phillips, kà á, ó wá bàbá náà kàn, bàbá sì fi lẹ́tà kan lé e lọ́wọ́. Lẹ́tà ọpẹ́ ni, sí ìdílé Shuyiman. Phillips gbé e dé Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ó bá àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì jíṣẹ́ fún wọn. Fíìmù tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní 2011. Nígbà tó di 2012, Fadoyebo náà re ibi àgbà ń rè. Ọpẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ láti 1944, ó ti dá a kó tó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀. Ọgọ́rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin láti ilẹ̀ wa ló lọ sí Bọ́mà. Ìyà tiwọn kò kéré sí ti Fadoyebo. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ó kọ tirẹ̀ sílẹ̀, ẹnìkan sì béèrè rẹ̀ nígbà tó ṣì wà láyé. Ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Lọ́ńdọ̀n tó tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí, mi ò ní fi pamọ́ fún yín, pé ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí lẹ́tà tí àwọn bàbá wọ̀nyí kọ yóò kọ́kọ́ gba físà. Ohun tí BBC ṣe ní 1989 kò ju agbára rédíò tiwa lọ. Kò sì ju agbára ìlú Ọ̀fà lọ.

Ìlú yìí kò jìnnà sí ogun náà. Ojú irin ti dé Ọ̀fà kí ọdún 1910 tó pé, ojú irin tó ń kó ẹ̀pà àti òwú lọ sí Èkó náà ló ń kó ọmọ ènìyàn nígbà ogun. Ní oṣù kẹta ọdún 1943 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní 81st Division sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Aláǹtakùn ni àmì tó wà lára aṣọ wọn, Ananse inú àlọ́ àwọn ará Gánà. 82nd Division tẹ̀lé wọn. Ọmọ Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone àti Gáńbíà ló para pọ̀ di ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjèèjì. Nínú igbó Kaladan, mọ́tò kò rí ọ̀nà gbà, orí ni wọ́n fi ń ru oúnjẹ àti ọta ìbọn, ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń ju ẹrù sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Ní 1943 yẹn kan náà ni Offa Grammar School bẹ̀rẹ̀. Ẹ rò ó wò: àbúrò ń kọ́ bí a ti ń kọ lẹ́tà ní kíláàsì, ẹ̀gbọ́n sì wà lọ́nà Bọ́mà, ó ń wá ẹni tí yóò bá òun kọ tirẹ̀.

Nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ ka àwọn lẹ́tà yìí lónìí gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn. Ṣọ́jà á bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mọ̀wé, á máa sọ ọ́, onítọ̀hún á máa kọ ọ́. Nílé, ìyá á gbé lẹ́tà lọ bá tíṣà tàbí akọ̀wé, wọ́n á kà á sókè, wọ́n á tún bá a kọ èsì. Nítorí náà, ọwọ́ tí ẹ rí nínú ìwé lè má jẹ́ ọwọ́ bàbá yín rárá. Ẹ má torí ìyẹn sọ pé kì í ṣe tirẹ̀. Ìkíni á kọ́kọ́ gùn, wọ́n á béèrè bàbá, ìyá, àwọn ará ilé, wọ́n á ní àlàáfíà ni àwọn wà. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó rí ibi tí ohùn ti yí padà: ó ń béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ fún un kó tó lọ, ó ń béèrè bóyá owó tí òun yọ nínú owó oṣù òun ti dé ọwọ́ ìyá, bóyá wọ́n ti bo òrùlé ilé. Ibẹ̀ ni ọmọ yín ti máa pàdé ẹni tó bí yín.

Nǹkan mìíràn tún wà. Àwọn ọ̀gá ń yẹ lẹ́tà wò kó tó kúrò ní ibùdó. Ṣọ́jà kò gbọdọ̀ kọ orúkọ ibi tó wà, kò gbọdọ̀ kọ iye ènìyàn tó kú tàbí ibi tí wọ́n ń lọ. Bí ẹ bá ka lẹ́tà tí ẹ rí i pé kò sọ nǹkan kan nípa ogun, ẹ má bínú sí bàbá. Wọ́n kò jẹ́ kó sọ ọ́ ni. Ẹ wo ara àpò lẹ́tà náà, ẹ lè rí òǹtẹ̀ àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò, nọ́ńbà ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀, àti déètì ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìgbà mìíràn wà tí àpò yẹn á sọ ibi tí bàbá wà ju lẹ́tà inú rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ju àpò lẹ́tà nù, kí ẹ má sì yọ sítáǹbù ara rẹ̀ fún ọmọ tó ń kó sítáǹbù jọ.

Ẹ̀yin ìdílé Mùsùlùmí, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ní àgbègbè wa, ọ̀pọ̀ àgbà ló mọ ìwé Lárúbáwá kọ kí wọ́n tó mọ ABD. Wọ́n ń fi í kọ Yorùbá, wọ́n ń fi í kọ Háúsá, èyí tí à ń pè ní Ajami. Àwọn ọmọ tí kò lè kà á máa ń rò pé àdúrà ni, tàbí tírà. Wọ́n á ká a jọ sórí àjà, tàbí kí wọ́n sun ún nítorí ọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé e fún ààfáà tó mọ̀ ọ́n kà. Ó lè jẹ́ àdúrà lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ àkọsílẹ̀ iye tí bàbá gbà lóṣooṣù nígbà tó wà ní bárékè. Kwara State University ní Màlété ní ibùdó kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé àfọwọ́kọ Ìlọrin, ìmọ̀ irú iṣẹ́ yìí kò sì jìnnà sí wa.

Ẹni tó bá rò pé ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe ìlú lóore, kó wo bí a ṣe mọ ohun tí a mọ̀ nípa ogun Ọ̀fà àti Ìlọrin. Àwọn àgbà ń sọ ọ́, oríkì ń rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí àríyànjiyàn bá dé lórí orúkọ tàbí ọdún, ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ ni gbogbo wa ń sá tọ̀. Ìwé yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí láyé. Johnson parí rẹ̀ ní 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù lọ́hùn-ún. Ó kú ní 1901, kò fojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílé jọ, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ, kó tó jáde ní 1921. Bí ẹnìkan nínú ilé yẹn bá ti fi àwọn bébà yẹn dáná, òpìtàn mélòó ni ì bá máa fọwọ́ lérán lónìí?

Ó dáa. Ká ní ẹ ti rí lẹ́tà náà.

Ẹ fọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ẹ nu tábìlì, ẹ tẹ́ aṣọ funfun tó mọ́ lé e. Bí ekuru bá bo ìwé, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a díẹ̀díẹ̀ láti àárín lọ sí etí. Lẹ́tà tí wọ́n ti ká sí mẹ́rin láti 1944 ti gan lójú ibi tí wọ́n ti ká a. Bí ẹ bá fi agbára ṣí i, ó di mẹ́rin lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ṣí ìká kan, ẹ fi ìwé pẹlẹbẹ tó fúyẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó kan ìká kejì. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń ta pá-pá bí ẹ ti ń ṣí i, ẹ dúró níbẹ̀. Ọyẹ́ ló ti gbẹ omi ara rẹ̀. Ẹ dá a padà bó ṣe wà, ẹ jẹ́ kí òjò bẹ̀rẹ̀ kí atẹ́gùn ilé tutù díẹ̀, ẹ ó rí i pé yóò rọ̀. Ó ti pẹ́ tó nínú àpótí, oṣù mélòó kan sí i kò ní pa á lára.

Èyí tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn nítorí òrùlé jò, ẹ má sá a sóòrùn. Oòrùn á mú tàdáwà ṣá, á sì mú ìwé ká kò. Inú ilé ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, lórí aṣọ tó ń fa omi, kí ẹ tan fáànù kó kọjú sí ògiri, kó má kọjú sí ìwé. Bí méjì bá lẹ̀ mọ́ra tí wọ́n sì ti gbẹ pọ̀, ẹ má fà wọ́n ya. Ẹ tọ́jú wọn bẹ́ẹ̀ títí ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ yóò fi wò ó.

Mo ti rí i pé ìfẹ́ ló ń ba ọ̀pọ̀ ìwé jẹ́ nílé wa. Ọmọ á rí i pé lẹ́tà bàbá òun ya, àánú á ṣe é, á sáré ra sẹ́lótéèpù. Kò ní pẹ́ púpọ̀ tí sẹ́lótéèpù yóò fi pọ́n, tí gọ́ọ̀mù ìdí rẹ̀ yóò wọnú ìwé, kò sì ní ṣeé ṣí kúrò mọ́. Ẹlòmíràn á gbé e lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, á ní kí wọ́n bá òun láminéètì rẹ̀ kó lè pẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Iná ni wọ́n fi ń lẹ ọ̀rá yẹn mọ́ ìwé, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣí i lọ́la yóò fa lẹ́tà ya pẹ̀lú rẹ̀ ni. Ẹ̀dà tí ẹ bá ṣe, fọ́tòkọ́pì, òun ni kí ẹ láminéètì bó bá wù yín. Ẹ rọra yọ pínnì tó ti dípẹtà. Ẹ má fín oògùn ẹ̀fọn sára ìwé, ẹ má sì fi káńfọ̀ sáàárín rẹ̀. Ẹ má fi báírò kọ nǹkankan sí i lára.

Páálí tó mọ́, tó gbẹ, tó sì ní ìdérí ti tó. Ẹ fi ìwé funfun sáàárín lẹ́tà kan àti èkejì. Ẹ má so ó pa sínú ọ̀rá, nítorí ooru yóò mú kó làágùn nínú ibẹ̀, yóò sì hu. Ikán máa ń ti ilẹ̀ gba ara ògiri ni, nítorí náà, kó wà lókè, kó má kan ògiri, kó jìnnà sí ilé ìdáná. Kí ẹnìkan máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀sán ni kó jẹ́, létí fèrèsé, níbi tí oòrùn kò ti bọ́ sí i tààrà, kí ẹ pa iná fóònù. Ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ ya àpò lẹ́tà pẹ̀lú. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, torí fọ́tò lásán á dín kù lójú ọ̀nà, lẹ́tà wẹẹrẹ kò sì ní ṣeé kà mọ́. Kó wà lọ́wọ́ ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tí wọn kò gbé ilé kan náà. Ọ̀rọ̀ Johnson ti kọ́ wa ní ìyẹn.

Kí ẹ tó dìde níbẹ̀, ẹ mú bébà mìíràn, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ẹni tó kọ lẹ́tà, ẹni tó kọ ọ́ sí, ọdún, àti àwọn tó dárúkọ. Ká ní bàbá ní kí wọ́n bá òun kí Ìyá Ẹlẹ́kọ àti Bàbá Ìdí Ọsàn. Ta ni wọ́n? Ó lè jẹ́ màmá kan ṣoṣo ló kù nínú agbo ilé tó mọ̀ wọ́n. Ẹ gbé lẹ́tà lọ bá a, ẹ kà á sí i létí, ẹ sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù bó ti ń ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ńkọ́? Bí bàbá bá kú, wọ́n á pín ilé, wọ́n á pín oko, wọ́n á pín agbádá. Ta ló gba àpótí ìwé? Ẹ yan ẹnìkan kí bàbá tó lọ, kí bàbá fúnra rẹ̀ dárúkọ onítọ̀hún lójú gbogbo ọmọ. Mo mọ̀ pé lẹ́tà máa ń ní àṣírí nínú. Ṣọ́jà lè fẹ́ ìyàwó síbi tó ti ṣiṣẹ́, ó lè bímọ síbẹ̀, ó lè jẹ gbèsè. Àwọn kan ń torí ẹ̀ jó o. Kò pọn dandan. Ẹ lè dì í, kí ẹ kọ ọ́ sí i lára pé ó di ọdún báyìí kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Ilé ìkówèésí àti ilé àkójọ ìwé máa ń gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Àṣírí tí ń jó wa lára lónìí lè jẹ́ ohun tí àwọn ọmọ ọmọ yóò fi mọ àwọn ìbátan wọn.

Fún ẹ̀yin tí bàbá yín lọ tí kò padà: ní Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon ní Bọ́mà, ibi ìsìnkú àwọn ológun kan wà, orúkọ nǹkan bí 27,000 tí a kò mọ sàréè wọn ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta níbẹ̀, ọmọ Áfíríkà sì wà lára wọn. Commonwealth War Graves Commission fi orúkọ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè wá a lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi ọgbọ́n wá a. Ó wọ́pọ̀ nígbà náà kí àwọn tó ń gba ṣọ́jà fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ ìdílé fún ọmọ ènìyàn. Bí ẹ kò bá rí orúkọ ìdílé yín, ẹ fi orúkọ bàbá pẹ̀lú “Offa” wá a, ẹ fi “Ilorin” náà wá a.

Ọ̀fà sì wà lábẹ́ Ilorin Province, ní apá àríwá, nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba ìgbà náà tó kàn wá, ní National Archives ti Kàdúná lẹ ó ti bá a, kì í ṣe ti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ohùn àwọn aláṣẹ ló pọ̀ jù nínú ìyẹn. Ti ọmọ ogun fúnra rẹ̀, ilé yín ló wà.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún ní 1943 ì bá ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Àwọn tó jà ní Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Àwọn tó jà nínú ogun abẹ́lé, láti oṣù keje 1967 títí di 15 oṣù kìn-ín-ní 1970, ṣì ń bẹ láàárín wa. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. A ń rí wọn lọ́dọọdún ní 15 oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, wọ́n á wọ bẹ́rẹ́ẹ̀tì, wọ́n á to mẹ́dáàlì sáyà. A ń pàtẹ́wọ́ fún wọn, a sì ń lọ sílé. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tó wà ní Umuahia láti 1985 ti kó ọkọ̀ ogun àti ìbọn jọ, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ọmọ Ọ̀fà kọ sí ìyá rẹ̀ láti ojú ogun ní 1968, ta ni yóò kó ìyẹn jọ bí kò ṣe àwa?

Ní Amẹ́ríkà, ilé aṣòfin wọn ló dá iṣẹ́ kíkó lẹ́tà àti ohùn àwọn ológun àtijọ́ jọ sílẹ̀ ní ọdún 2000, wọ́n sì gbé e fún Library of Congress. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń ṣe èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ, ọmọ ọmọ, aládùúgbò àti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló ń jókòó ti ológun àtijọ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ó kéré jù tí ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́dọ̀ gbà. Ẹni tó bá fẹ́ kó lẹ́tà wá, mẹ́wàá ló kéré jù. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú! Ẹ̀yin tí ẹ ń wo bọ́ọ̀lù fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, ẹ lè ṣe ìyẹn fún bàbá yín.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ bàbá, ẹ má kọ́kọ́ bi í léèrè iye ènìyàn tó pa. Ọ̀rọ̀ kì í wá báyẹn, ó sì ń dun ẹlòmíràn. Ẹ béèrè bí ó ti ṣe wọṣẹ́, ẹni tó sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin, ohun tí wọ́n ń jẹ, ẹni tí wọ́n jọ ń sùn nínú àgọ́, bí lẹ́tà ṣe ń dé. Ẹ béèrè ọ̀rẹ́ tí ó pàdánù, kí ẹ sì dákẹ́. Bó bá sunkún, ẹ jẹ́ kó sunkún tán. Bó bá ní òun kò lè sọ èyí, ẹ fi í sílẹ̀. Ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire.

Àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun lónìí ní Bọ̀nọ́ àti Zamfara kò kọ lẹ́tà mọ́. Ohùn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù, “Màámi, a ti dé o.” Èyí gan-an ló tètè ń parẹ́. Fóònù á bọ́ sómi, wọ́n á jí i, tàbí kí àyè kún kí ìyá pa á rẹ́. Ẹ̀yin àbúrò àti ìyàwó wọn, ẹ kó ohùn wọ̀nyẹn sórí kọ̀ǹpútà tàbí mẹ́mórì káàdì, kí ẹ kọ déètì sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fi hàn sórí Facebook nígbà tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀mí wọn ṣe pàtàkì ju ìtàn lọ.

Mo wá ń bẹ Offa Descriptive Union, mo ń bẹ àwọn aláṣẹ Federal Polytechnic, mo sì ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ ní Offa Grammar School àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ yòókù. Ẹ jẹ́ kí kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan wà ní ìlú yìí, tó ní kọ́kọ́rọ́, tó ní ìwé àkọsílẹ̀, tó ní ẹni tí a mọ̀ tó ń bójú tó o, níbi tí ìdílé ti lè gbé ẹ̀dà lẹ́tà ológun wọn sí, kí wọ́n sì mú ojúlówó padà sílé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì ìtàn máa lọ gbohùn àwọn bàbá wọ̀nyí sílẹ̀. Kò gba owó ńlá. Tiwa nílé iṣẹ́ rédíò ni kí a máa kà á sétí ìlú, bí ìdílé bá ti yọ̀ǹda.

Ológun àtijọ́ kan ń gbé ní àdúgbò yín. Ẹ mọ ilé rẹ̀. Lọ́la, ẹ gba iná sí fóònù, ẹ mú ohun tí ẹnu ń jẹ dání, ẹ lọ kí i, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ìwé kan ṣì wà nínú àpótí.